Ṣé kí n tún kọ lẹ́tà kejì sí yunifásítì tó sún ọ̀rọ̀ mi síwájú?

Ẹ̀yin ará, Ìkòròdú ni mo wà. Oṣù kọkànlá ni mo fi Early Action, ìyẹn ètò kí èèyàn tètè fi ìwé ránṣẹ́ kó sì tètè gbọ́ èsì, béèrè fún àyè ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọn ò gbà mí, wọn ò sì lé mi: “deferred” ni wọ́n kọ, ó di ìparí oṣù kẹta.

Mo ti kọ lẹ́tà pé mo ṣì fẹ́ wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa náà ti fi èsì táàmù àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ yunifásítì náà lẹ́nu. Tí mo bá wà lórí ìlà ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdó pàápàá, fóònù ni mò ń wò.

Èsì SAT mi tuntun, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, wá dé báyìí, ó fi 70 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá láti Nàìjíríà, ṣé kí n kọ lẹ́tà kejì tì í ni, àbí kí n kàn fi èsì náà ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀?