Ìdáhùn: “Ẹ̀kọ́ ìyè sẹ́ẹ̀lì oníye” kò sọ iṣẹ́ náà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan túmọ̀ ìkéde iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa lánàá. Yàrá ìwádìí kan ń wá olùwádìí tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé, ó sì ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ka náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “quantitative cell biology”: ìmọ̀ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara ohun alààyè, tó sì ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n pè é ní “ẹ̀kọ́ ìyè sẹ́ẹ̀lì oníye”, wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ ní “ọmọ ọ̀dọ̀ olùwádìí”. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò lè gba méjèèjì.

Ẹ wo ohùn. Iye ni à ń kà. Iyè la fi ń rántí nǹkan. Ìyè ni ohun alààyè ní. Ẹ yọ àmì kúrò, bí àwọn oníwèé ìròyìn ti ń ṣe, ó di “eko iye seli oniye”. Ẹni tó kà á á rò pé oníyè, ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan, ni wọ́n ń wá!

Ká tilẹ̀ fi àmì sí i, ó ṣì kù. Àwọn ìyá wa lọ́jà mọ ìyàtọ̀ yìí dájú: wọ́n ń ka obì, wọ́n ń wọn gàrí. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì gba méjèèjì, ìwọ̀n ló sì ṣáájú. Nínú ìwé tí Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, tẹ̀ ní 1665, nǹkan bí ihò 60, tó pè ní “cell”, ló kà lára kọ́ọ̀kì, èèpo igi tí a fi ń dé ìgò, nínú ìdá kan lára ìdá 18 ínǹṣì. Gígùn tó mọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di 1,080 nínú ínǹṣì kan, àti 1,259,712,000 nínú ohun tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní ínǹṣì kọ̀ọ̀kan.

Lónìí náà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn. Yóò po omi sẹ́ẹ̀lì mọ́ aró trypan blue lọ́gbọọgba. Òkú sẹ́ẹ̀lì á mu aró. Yóò ka èyí tó wà láàyè ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gíláàsì onílà tí a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì, yóò pín in sí mẹ́rin, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nítorí aró, lẹ́yìn náà ìlọ́po 10,000, kó tó mọ iye tó wà nínú mìlílítà kan. Níbo ni 10,000 ti wá? Igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà kan lóròó àti níbùú, ó sì jìn ní mìlímítà 0.1; ohun tó gbà jẹ́ ìdá kan lára ìdá 10,000 mìlílítà. Bí gíláàsì ìbòrí kò bá jókòó dáadáa, ìjìn yẹn ti yí padà. Kò sí bó ṣe lè kà á tí ìdáhùn á fi tọ̀nà. Bí kò bá mi ìgò kó tó fà á, sẹ́ẹ̀lì ti rọ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó bá gun orí ìlà, ti òkè àti ti òsì nìkan ni kó kà, kó má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, “ìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì afìwọ̀nṣe” ni mo fi lọ̀ yín: a-fi-ìwọ̀n-ṣe. “Oníwọ̀n” kúrú jù ú lọ, àmọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì á máa yọjú níbẹ̀.

Ẹni tó ní ká pe sẹ́ẹ̀lì ní “àhámọ́” ńkọ́? Kọ́ọ̀kì tó ti kú, tí inú rẹ̀ ṣófo, ni Hooke wò. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ń gba nǹkan wọlé, ó ń tú nǹkan jáde. Kí ló há mọ́?

Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fọ abọ́. Ẹni tó wá kọ́ṣẹ́, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Wọ́n á ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá, pé eléyìí ń gbowó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá, kó má ṣáà jẹ́ “akọ́ṣẹ́”, torí “akọ́ṣẹ́mọṣẹ́” ti gba ibẹ̀.