Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìtàn ọmọdé tó ní ẹ̀kọ́ nínú. Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ ẹ!

Ìyá Tómi: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí. Sùkúù ọmọ mi ní kí kálukú mú ìwé ìtàn kan wá, kó dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sọ ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ nínú rẹ̀. Mọ́ńdè ni. Alẹ́ àná ni ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi! Ìwé wo ni kí n rà? Ẹ má pẹ́ fèsì.

Tísà Òkè-Àdó: Ọmọ ọdún mélòó? Gẹ̀ẹ́sì ni àbí Yorùbá? Bó bá ti lè dá ìwé kà, ẹ wá Chike and the River ti Chinua Achebe. Ọdún 1966 ló jáde. Ìwé tín-ín-rín ni, ọmọ á kà á tán kí Sọ́ńdè tó parí. Chike jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ó kúrò lábúlé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ arákùnrin bàbá rẹ̀ ní Onitsha. Àtidé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá Odò Ọya lọ sí Asaba. Sísì àlọ, sísì àbọ̀, ṣílè kan pérépéré, ọmọ náà ò sì ní kọ́bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Adúmáradán: Ẹ ṣọ́ra o! Ìwé yẹn gan-an ni mo rà fún àbúrò mi. Ẹni tó tà á fún mi, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Àbúrò mi kà á títí dé ibi tí Chike ti sùn sínú lọ́rì ní Asaba tílẹ̀ fi ṣú, tí àwọn olè sì ń bọ̀. Ó ṣí i, funfun báláú! Ó tún ṣí i, ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti orí kìn-ín-ní. Ọmọ bú sẹ́kún. Mo gbé e padà, oníwé ní ṣé òun ló tẹ̀ ẹ́ ni.

Dàmọ́lá Mushin: Ayédèrú ni. Tèmi, yíǹkì ẹ̀ ń ràn mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ọmọ jẹ̀bà tán, ọwọ́ dúdú bí ti mẹkáníìkì.

Ìyá Ìbejì: Àbẹ̀kẹ́, ṣé kì í ṣe ẹni tó máa ń dé fìlà àlàárì yẹn?

Àbẹ̀kẹ́ Adúmáradán: Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o 😂

Ìyá Ìbejì: Mo mọ̀! Ó ta ìwé ìṣirò tí kò ní ojú ìwé ìdáhùn fún mi. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, á fi ọ̀rá wé e pinpin kéèyàn má baà ṣí i wò.

Dàmọ́lá Mushin: Ẹ jẹ́ ká kóra wa jọ lọ bá a.

Bàbá Fúnṣọ́: Ẹ fi oníwé sílẹ̀ ná. Ẹ̀kọ́ wo ló tiẹ̀ wà nínú ìwé yẹn? Ìyá ọmọ kìlọ̀ fún un kó má sún mọ́ odò. Ó sún mọ́ ọn. Ó wọkọ̀ láìsọ fún ẹni tó ń tọ́ ọ. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn lọ, ó fi í sílẹ̀ sílùú onílùú. Kí ni wọ́n wá fi san án fún un? Sikọ́láṣípù! Wọ́n tún gbé fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Bí ọmọ tèmi bá ka èyí, á wọkọ̀ ojú omi Ìkòròdú kílẹ̀ tó mọ́.

Tísà Òkè-Àdó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá a dé ìdí. Àìgbọràn kọ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ san án lẹ́san. Àwọn olè lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìtajà, ọmọ yẹn ló rí wọn, òun ló sì là á mọ́lẹ̀ nígbà tí ọlọ́dẹ ń purọ́. Ibi tí mo tún fẹ́ràn ni ti owó ọkọ̀. Ó rí sísì he, ó gbé e fún gbájúẹ̀ kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Professor Chandus kó bá a sọ ọ́ di púpọ̀. Owó lọ ráúráú. Ìgbà tó fọ mọ́tò fún ẹni ẹlẹ́ni ni ṣílè tó wọlé. Achebe ò wàásù, ó kàn to méjèèjì tẹ̀ léra wọn.

Dàmọ́lá Mushin: Ẹ má gbàgbé Ezekiel, ọmọ àkẹ́bàjẹ́ tó ń kọ lẹ́tà sáwọn ọmọ òyìnbó ní Ìlú Ọba, tó ń ṣèlérí awọ ẹkùn fún wọn kí wọ́n lè fowó ránṣẹ́. Bàbá ńlá àwọn ọmọ Yahoo!

Bàbá Fúnṣọ́: Tísà, ìbéèrè kan péré. Ká ní ó gbọ́rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ṣé yóò rí olè kankan?

Tísà Òkè-Àdó: Kò ní í rí wọn. Ọlọ́dẹ á sì máa jalè lọ.

Bàbá Fúnṣọ́: Iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn, kì í ṣe tọmọdé.

Alárìnká: Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ń wá fẹ́rì lọ sí Asaba mọ́ o. Wọ́n ti parí afárá lọ́dún 1965, ogun fọ́ ọ lọ́dún 1967, wọ́n tún un ṣe. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ìkejì. Ẹni tó bá ń lọ lásìkò Kérésì, ti tuntun ni kó gbà.

Ìyá Ìbejì: Ta ló ń lọ Asaba?

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Kí ló dé tẹ́nì kan ò dárúkọ The Drummer Boy ti Cyprian Ekwensi, 1960? Akin, ọmọ afọ́jú tó ń lùlù kiri, táwọn èèyàn burúkú fẹ́ fi ẹ̀bùn rẹ̀ jẹun. Kòkòrò, afọ́jú olórin ìgboro Èkó, ni Ekwensi wò kọ ìtàn Akin. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Kòkòrò, tí ẹ ò bá mọ̀.

Akéwì Ìjẹ̀ṣà: Ẹ wo ẹnu yín. Fágúnwà ńkọ́? Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti wà láti ọdún 1938, Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń wá kiri.

Tísà Òkè-Àdó: Fágúnwà kò láfiwé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ní kọ́mọ kéékèèké ka gbogbo ìyẹn tán lọ́jọ́ méjì.

Akéwì Ìjẹ̀ṣà: Àwa kà á!

Tísà Òkè-Àdó: Lọ́jọ́ méjì, ẹ̀gbọ́n?

Ìyá Tómi: Ẹ má bínú, iná ni ò sí. Ọmọ ọdún 9 ni, pírámárì 4. Ìwó la wà, a ò sí l'Ékòó.

Dàmọ́lá Mushin: Màmá, ẹ̀ bá ti tètè sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo oníwé tá a ti ń bá jà yìí, Èkó ni wọ́n wà!

Bàbá Fúnṣọ́: Ti Akin ni kí ẹ mú. Kò sí àìgbọràn níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Mo bá yín fọwọ́ sí i.

Ìyá Tómi (alẹ́ Sọ́ńdè): Ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò rí ti Akin, Fágúnwà sì bà á lẹ́rù. Chike la rí yá lọ́wọ́ ará ilé kejì, ó sì ti kà á tán. Mo bi í léèrè ẹ̀kọ́ tó rí kọ́. Ó ní kéèyàn bi ọlọ́kọ̀ léèrè ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa padà kó tó wọlé sínú ẹ̀. Mo ní ṣé kò rí ti òótọ́ ni, ó ní ìyẹn náà wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ lòun máa sọ.

Bàbá Fúnṣọ́: Ẹ rí i báyìí? Ó ti fẹ́ wọkọ̀!

Àbẹ̀kẹ́ Adúmáradán: Ṣé ojú ìwé pé?

Ìyá Tómi: Ó pé. Èèpo ẹ̀ nìkan ni ò sí.