Ọmọ tó ń sùn, báwo lẹ ṣe yà á? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹnìkan gbé iṣẹ́ wá bá mi, ó ní kí n ya àwòrán ọmọ òun, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ọmọ náà kì í dúró lójú kan, àfi tó bá sùn. Mo wá ń rò ó pé kí n kúkú yà á sínú oorun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lojú yín rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Onílẹ̀kẹ̀

Èmi ò mọ búrọ́ọ̀ṣì dì mú. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń lẹ̀ mọ́ pátákó, irú èyí tí Jimoh Buraimoh fi gbé orúkọ Òṣogbo jáde. Mo dán ojú ọmọ àbúrò mi tó ń sùn wò lẹ́ẹ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ń dán jù. Ibi tó yẹ kó rọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ ló ń kọ mànà. Nígbà tí mo gbé e dúró, ìyá ọmọ wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èéyi ló mú un ni?" Mo tú gbogbo rẹ̀. Inú agolo mílíìkì ni ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún wà títí di òní. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́dà sọ̀rọ̀.

Ayàwòrán Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Mo ti ṣe é. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méje, láti ìparí oṣù kẹfà wọ inú oṣù kẹjọ tá a wà yìí. Ẹ jókòó.

Awakọ̀ ni bàbá ọmọ náà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, Òṣogbo sí Kánò, Kánò sí Èkó. Tó bá fi máa délé, òru ti jìn. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti lọ. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ mi ti ń lọ sí ọdún méjì, ìgbà tí mo bá a tó lajú, mo lè fi ìka kà á. Ojú oorun rẹ̀ ni mo mọ̀. Òun ni kẹ́ ẹ bá mi yà, kí n gbé e sẹ́yìn sítíà mi." Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èèyàn, ta ló máa bá a yọwó? Èmi yọwó ṣá. Ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta túúbù ọ̀dà kan.

Ìyá bàbá ọmọ ló ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án, torí aṣọ ni ìyá rẹ̀ ń tà l'Ọ́jà Ọba. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ tèmi ti ìwé àti pẹ́ńsù, màmá bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìbejì tó bá kú pàápàá, tí wọ́n bá gbẹ́ ère rẹ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ rekete. Ọmọ tèmi tó wà láàyè lo wá fẹ́ di ojú rẹ̀? Tó o bá yà á mọ́ oorun, ta ni yóò jí i níbẹ̀?"

N ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ère ìbejì tó bá wù kẹ́ ẹ gbé, ojú rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ wo iṣẹ́ àwọn bàbá wa ní Òṣogbo yìí náà, ojú ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọwọ́ ọ̀kan lára àwọn tó wọ kíláàsì Georgina Beier, ayàwòrán òyìnbó yẹn, ní 1964 lòun náà ti kọ́ ọ, nígbà tí Mbárí Mbáyọ̀, ilé ọnà àti eré Dúró Ládiípọ̀, ṣì ń gbóná. Wọn kì í jókòó ti èèyàn kí wọ́n máa wò ó yà. Ohun tó bá ń rìn nínú orí wọn ni wọ́n ń tú síta: ojú rogodo, ẹyẹ lórí ọba, ẹja nínú ikùn obìnrin. Bí èèyàn ṣe ń ya ọmọ tó dijú kó má jọ òkú, ọ̀gá mi ò kọ́ mi, ọ̀gá tiwọn náà ò kọ́ wọn.

Màmá gbà fún mi torí ọmọ wọn ló rán mi níṣẹ́. Àmọ́ wọ́n gbé àpótí wọn tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń ṣọ́ mi bí ẹni ṣọ́ wàrà lórí iná.

Ẹ gbọ́, irọ́ ni wọ́n ń pa pé ọmọ tó ń sùn kì í mira. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, èyí yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Mo ba ìwé mẹ́fà jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí n tó gbọ́n. Ẹ má ju ìwé nù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó máa ń padà sí nínú oorun. Èyí tí mo ń sọ yìí, á fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, á fi ti ọ̀tún lélẹ̀, á da ojú délẹ̀ kó gbé ìdí sókè bí ẹni tó ń fọ ilẹ̀. Mo wá tẹ́ ìwé mẹ́ta kalẹ̀. Tó bá ti kúrò ní ti ọ̀tún, màá fi ìwé ọ̀tún sílẹ̀, màá mú ti òsì. Tó bá tún padà, èmi náà á padà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ìwé méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ẹ ṣọ́ra fún orí o. Ti àgbàlagbà, ojú wà ní agbedeméjì gan-an láàárín àtàrí àti àgbọ̀n. Ti ọmọdé wà nísàlẹ̀ agbedeméjì, iwájú orí ló gba gbogbo àyè. Ọwọ́ mi ti mọ́ ti àgbàlagbà, bí àkọ́yà mi ṣe jọ ìyá arúgbó kúkúrú kan tó yó tó wá sùn lọ nìyẹn. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín wọn.

Ẹ máa ní kí ló dé tí n ò fi fóònù yà á. Mo yà á. Tí fóònù bá ti sún mọ́ ojú jù, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Abẹ́ àgbọ̀n wá dúdú kirikiri nínú fóònù, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi ojú ara yín wò ó, àwọ̀ pupa ẹní ń tàn padà síbẹ̀. Mo fi fóònù rántí bí aṣọ ṣe ká, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ìwé tí gbogbo wa kà ní kí ayàwòrán wá fèrèsé tó kọjú sí àríwá, torí pé oòrùn kì í gbabẹ̀ wọlé. Ìlú àwọn tó kọ ìwé nìyẹn. Ní Òṣogbo níbí, láti bí oṣù kẹrin títí oṣù kẹjọ fi máa parí, apá àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí wa. Fèrèsé àríwá yàrá màmá ń da oòrùn sí etí ẹní bí omi ni. Aṣọ léèsì funfun kan tí wọn ò wọ̀ mọ́ ni mo fi bò ó, ìmọ́lẹ̀ sì rọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé òjò ló ń mú ọmọ yẹn sùn dáadáa. Tí òjò bá ti ń lu páànù, ó lè sùn wákàtí méjì láìyí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àmọ́ òjò dé, ìmọ́lẹ̀ lọ. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá wà, ooru á mú, NEPA á mú iná lọ, fáànù á dúró, ọmọ á jí, á rí irùngbọ̀n mi, ó di igbe.

Kíkùn gan-an, ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ṣe é. N ò gbé turpentine, omi tá a fi ń la ọ̀dà, wọ yàrá ọmọ, òórùn yẹn kò dáa fún un. Mo ta aṣọ kánfáàsì sórí férémù, mo fi emulsion funfun pò mọ́ gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi sandpaper ha á kó tó jọ̀lọ̀. Ọ̀dà olóròóró ni mo lò. Ìpele àkọ́kọ́ kó fẹ́lẹ́, kí òróró má pọ̀ níbẹ̀. Tòkè ni kó sanra. Ẹni tó bá yí i po, lọ́jọ́ iwájú ojú àwòrán rẹ̀ á máa là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló ń pe ọmọ náà ní adúmáadán. Ẹ má torí ìyẹn tẹ ọ̀dà dúdú inú túúbù sí i lára o, ńṣe ló ń pa awọ. Burnt umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn) àti ultramarine (búlúù tó jinlẹ̀) ni mo pò fún ibi tó ṣókùnkùn, yellow ochre (àwọ̀ ilẹ̀ tó dà bí ìyeyè) àti pupa díẹ̀ fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé. Etí tó kọjú sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ já, ó pọ́n bí epo tuntun. Ọjọ́ kan gbáko ni mo lò lórí etí yẹn, inú mi sì dùn.

Ó kù díẹ̀ kó parí ni mo gbé e lọ bá màmá. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yíjú. "Mo ti sọ fún ẹ." Èmi náà rí i. Gbogbo rẹ̀ pé, àwọ̀ pé, etí pọ́n, síbẹ̀ òkú ọmọ ló wà níwájú mi. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rántí pé ọmọ náà kì í dijú tán tó bá sùn, ẹyinjú máa ń hàn tín-ín. Mo ní hẹn-ẹ́n, ojú tó là díẹ̀ á jẹ́ kó yè. Mo fi funfun bíńtín sábẹ́ ìpéǹpéjú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi àkísà nù ún kúrò lójú ẹsẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n ò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tó yá, mo lọ kí màmá lásán. N ò mú pẹ́ńsù dání. Ọmọ ń sùn lórí ẹní, ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi lélẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó yí sí ọ̀tún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tó fi lé ẹní látàárọ̀ wá kọjú sókè, ẹní sì ti kọ ara rẹ̀ síbẹ̀: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ibì kan já, ibì kan jìn, òógùn díẹ̀ nínú wọn, fọ́nrán irun kan lẹ̀ mọ́ ọn. Mo tẹríba wò ó. Àwọn ìlà náà ń parẹ́ lójú mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti padà dán.

Màmá ní, "Kí lò ń wò?" N ò dáhùn, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣé ẹ rí i, òkú kì í yí padà. Tí àpá ẹní bá wà lẹ́rẹ̀kẹ́ tó kọjú sókè, a jẹ́ pé onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ni, ó sì máa tó tún yí. Búrọ́ọ̀ṣì mi tó kéré jù ni mo mú. N ò fi dúdú fa ìlà o. Ibi tó jìn, mo fi àwọ̀ tó pọ́n díẹ̀ sí i. Etí ìlà kọ̀ọ̀kan lókè, mo fi ìmọ́lẹ̀ bí òwú sí i. Mo jẹ́ kó hàn dáadáa nítòsí ẹnu, kó máa parẹ́ lọ bó ṣe ń sún mọ́ etí. Mo wá fi òógùn ẹ̀kán mẹ́ta sórí imú.

Màmá wò ó pẹ́. Wọn ò yìn mí. Wọ́n ní, "Ó ti yí padà." Wọ́n bá dìde lọ wo ọbẹ̀ wọn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Nígbà tí àwọn tèmi kéré, mo fi fọ́tò oorun wọn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹkún ló fi pè mí lóru. N ò mọ ohun tó rí nígbà yẹn, àṣé ojú màmá yẹn ló fi wò ó. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ ohun tí bàbá ọmọ wí.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ̀gbọ́n, orí ẹní ni mo máa tẹ́ tèmi sí. Wọ́n ní fóòmù ló ń sùn lé. Ẹ bá mi bẹ bàbá ọmọ náà, kó dá wa lóhùn.

Ayàwòrán Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Fóòmù náà ní bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sì máa ń ká. Má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú, àbúrò. Jókòó tì í, kó o sì rí ti tìrẹ.

Bàbá ọmọ dé lóru ọjọ́ Tuesday tó kọjá. Mo ti sùn. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi wò ó, ó sì pè mí. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé kírédíìtì rẹ̀ ti tán. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ dà?" Mo ní ẹsẹ̀ wo. Ó ní tí òun bá dé lóru, òun kì í fọwọ́ kan ojú rẹ̀, kó má baà jí. Ẹsẹ̀ lòun máa ń dì mú.

Ojú ló sọ fún mi, ojú ni mo yà, ìbàdí ni mo ti gé e. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ó ti wà lẹ́yìn sítíà, ó sì san owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n mo ti ta kánfáàsì kékeré kan, ẹsẹ̀ nìkan. Àtàǹpàkò ọmọ yẹn máa ń ta kìjí tó bá ń lá àlá. Mo ti ní ìwé méjì lórí rẹ̀, èyí tó dáa níbẹ̀ ò tíì pé, òjò sì ti dá bó ṣe máa ń dá lóṣù kẹjọ. Ooru ò jẹ́ kí ọmọ sùn. Mò ń wo ojú ọ̀run.