Nínú Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù), báwo la ṣe lè mọ ẹ̀ka (branch) tí commit kan (àyípadà kan tí a fi pamọ́) ti wá, nígbà tí wọ́n ti pa ẹ̀ka náà rẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà Git. Commit kan, 4e1b7c2, wà lórí main (olórí ẹ̀ka) tó ń da iṣẹ́ rú, mo sì fẹ́ mọ ẹ̀ka tí wọ́n ti kọ ọ́ kó tó dé ibẹ̀.

`git branch -a --contains 4e1b7c2` kàn ń to gbogbo ẹ̀ka tó yọ lára main lẹ́yìn rẹ̀ ni. `git name-rev` ní `main~14` (ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá sẹ́yìn láti orí main). Kò sí `^2` (àmì òbí kejì merge) níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò gba ojú merge (commit tó so ẹ̀ka méjì pọ̀) wọlé. Ó lè jẹ́ fast-forward (títi main síwájú láìsí merge) tàbí rebase (títún commit kọ sórí main). `git log --merges --ancestry-path 4e1b7c2..main` náà kò mú nǹkan kan jáde, torí kò sí merge kankan lẹ́yìn rẹ̀ lórí main, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ inú merge ló sábà máa ń dárúkọ ẹ̀ka fúnni.

Reflog ẹ̀ka náà (àkọsílẹ̀ ibi tó ti tọ́ka sí rí) ti bá a lọ. Ti HEAD (àmì ibi tí a wà lọ́wọ́) ṣì lè ní ìlà `checkout: moving from`, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ nìkan ni, ọjọ́ 90 ló sì máa ń lò bí wọn kò bá yí i padà.

Yàtọ̀ sí reflog yẹn, ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí mo lè fi rí orúkọ ẹ̀ka náà? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.