Kíǹgì méjì lọ́wọ́, éèsì lórí tábìlì: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìjẹ̀bú Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta póókà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Hold'em, tí kálukú ń gba káàdì méjì, tí márùn-ún á sì ṣí sórí tábìlì fún gbogbo wa. Kíǹgì méjì wà lọ́wọ́ yín, ojú yín ti ń dán, díílà wá ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ (flop nìyẹn), éèsì tó ga ju kíǹgì lọ ti jókòó sáàárín wọn. Kí lẹ máa ń ṣe?

Tèmi rèé. Kàsínò kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ni, tábìlì £1/£2, ìyẹn owó tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. Mo gbé owó lọ sí £10, gbogbo wọn sá, wọ́n ju káàdì wọn sílẹ̀, àfi bàbá kan tó jókòó sí big blind, ẹni tó gbé £2 yẹn sílẹ̀; òun san £10 náà pé. £21 ló wà láàárín. Éèsì, 8, 3 ló jáde, àmì wọn yàtọ̀ síra. Bàbá náà kan tábìlì, kò gbé nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa gbówó sílẹ̀ níbẹ̀, torí wọn ò fẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Èmi náà kan tábìlì.

Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Tó bá ní éèsì, kò ní sá fún £15 mi. Tó bá jẹ́ 9 méjì tàbí 10 méjì ló ní, á jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó dúró tì mí. Owó tí mo bá gbé sílẹ̀ á lé ẹni tí mo jù lọ, á sì mú ẹni tó jù mí lọ dúró. Kí ni mo wá fẹ́ fi ṣe?

Turn, ìyẹn káàdì kẹrin, jáde, 5 ni. Ó gbé £12 sílẹ̀, mo san án. River, káàdì karùn-ún tó kẹ́yìn, jáde, 8 mìíràn. Ó tún gbé £20 sílẹ̀. Mo ṣírò ẹ̀: £45 ti wà nílẹ̀, pẹ̀lú £20 tiẹ̀, ó di £65. £20 ni màá san kí n lè kó o. Bí mo bá jàre lẹ́ẹ̀kan péré nínú mẹ́rin, mi ò pàdánù. Mo san án. Bàbá ṣí 9 méjì. Ká ní mo ti gbówó sílẹ̀ lórí flop ni, £12 àti £20 yẹn ì bá má débẹ̀ rárá.

Àǹtí Houston

O kú iṣẹ́, àbúrò. Ní Texas níbí, inú kílọ́ọ̀bù la ti ń ta á. Òfin ò gbà kí onílé yọ tiẹ̀ nínú owó tá a ń ta, nítorí náà iye wákàtí téèyàn bá fi jókòó ni wọ́n ń gbowó lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ronú títí lórí káàdì kan, owó mi lẹ fi ń ronú o!

Kúìnì méjì ni tèmi. Àwa mẹ́ta la jọ rí flop: kíǹgì, 9, 4. Èmi kì í kan tábìlì bíi tìẹ tí èèyàn bá ti ju ẹyọ kan lọ. Mo gbé díẹ̀ sílẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà láàárín. Mo kàn fi ń bi wọ́n léèrè ni. Ẹnì kan sá. Èkejì, ọmọkùnrin tó ti jókòó jẹ́jẹ́ látìrọ̀lẹ́, tí kì í náwó lásán, ló bá gbé e lọ sí ìlọ́po mẹ́ta. Mo ju tèmi sílẹ̀. Kò fi káàdì ẹ̀ hàn, mi ò sì béèrè. Bóyá ó kàn ń halẹ̀ mọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n tó bá ní kíǹgì lóòótọ́, kúìnì méjì péré ló kù tó lè gbà mí, bí mo bá sì rí turn àti river méjèèjì, kò tó ìgbà 9 nínú 100 tí ọ̀kan nínú wọn máa yọ.

Ẹ tún mọ èyí: tẹ́ ẹ bá ní kíǹgì méjì, éèsì máa ń yọ lórí flop bí ìgbà 23 nínú 100. Tó bá jẹ́ kúìnì méjì, káàdì tó ga jù ú lọ máa ń yọ bí ìgbà 41. Ti jáàkì méjì tó 57. Ẹni tó ń sunkún nítorí jáàkì, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ló ń sunkún lé.

Jagun Lẹ́kí

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ń gbádùn. "Gbogbo wọn sá" kẹ̀? Nílé ọ̀rẹ́ wa ní Lẹ́kí, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó ń sá. Orí wọ́ọ̀tì ni gbogbo wọn dàgbà sí, níbi tó jẹ́ pé káàdì tí wọ́n bá ti fún ẹ, wàá ta á dópin ni, wọ́n sì gbé ìwà yẹn wọnú póókà. "Jẹ́ kí n ṣáà wo flop." Mo ní jáàkì méjì, mo gbé owó sókè, èèyàn márùn-ún wọlé tẹ̀ lé mi. Flop: kíǹgì, kúìnì, 7. Ẹni àkọ́kọ́ gbé owó sílẹ̀, ẹni kejì san án. Bó ṣe kàn mí báyìí, mo jù ú sílẹ̀, mo dìde, mo lọ bu àsun. Nígbà tí mo fi máa padà, ẹnì kan ti ṣí kíǹgì pẹ̀lú 7, ẹlòmíì ṣí kúìnì pẹ̀lú 4.

Ẹ̀tàn tí Ọmọ Ìjẹ̀bú fi kan tábìlì yẹn, níwájú ẹnì kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ti pé márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn lè ti bá kíǹgì yẹn pàdé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Póókà

Èmi o, tí mo bá ti rí jáàkì méjì, gbogbo ṣíìpù mi ni mo máa ń kó sílẹ̀ kí flop tó dé. Kò sí flop, kò sí wàhálà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ ìyá mi, ta ló máa ń san án fún ẹ? Ẹni tó ní 8 méjì, tó yẹ kó fún ẹ lówó, á sá. Ẹni tó ní kúìnì méjì, kíǹgì méjì tàbí éèsì méjì ló máa dúró, àti ẹni tó ní éèsì pẹ̀lú kíǹgì, tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí lo fi jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n Jagun, òótọ́ lẹ sọ nípa èèyàn márùn-ún. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ gbé sílẹ̀ kí flop tó dé? Níbi tí gbogbo ayé ti fẹ́ wo flop, ẹ jẹ́ kí flop náà wọ́n.

Jagun Lẹ́kí

Big blind wa, ₦500. Mo gbé e lọ sí ₦5,000. Ẹni tó ní kúìnì pẹ̀lú 4 yẹn ló kọ́kọ́ wọlé.