Ọká inú ewé kòkó: ta ló ti pàdé rẹ̀ rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Olóko Kòkó

Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ni. Mo bá bàbá mi lọ sí oko kòkó wa lójú ọ̀nà Ìdànrè. A ti já kòkó tán láti ìjẹta, fífọ́ ló kù. Mo jókòó sórí igi kan tó ti wó, mo ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, mo ń tẹ fóònù. Sìlípáàsì ni mo wọ̀. Ẹ má bú mi, mo ti gba èébú tó tó lọ́wọ́ màmá mi.

Bàbá ṣàdédé dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní, "Má mira." Wọn ò pariwo, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àyà mi já. Wọ́n fi ẹnu àdá tọ́ka sí ewé gbígbẹ tó wà níwájú ẹsẹ̀ mi. Mo wò, mo wò, ewé ni mo rí: èyí tó pọ́n rúsúrúsú, èyí tó dúdú létí, èyí tó ti ń jẹrà. Àfìgbà tí mo rí ojú. Bí mo ṣe rí ojú báyìí ni gbogbo ara rẹ̀ yọ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọká ni! Ó ká jọ, ó sanra ju apá mi lọ, orí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé, ìlà dúdú tín-ín-rín kan sì là á láàárín bí iṣan ewé.

Ejò mìíràn ì bá ti sá lọ nígbà tó gbúròó ẹsẹ̀ mi. Ọká kì í sá. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ náà ló wà. Nígbà tí mo wá ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí bàbá ṣe ní kí n ṣe ló tó mí: fììììì, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń jáde nínú táyà trélà.

Àwọn alágbàṣe fẹ́ pa á, wọ́n ní ẹran ni. Bàbá ní kò burú, ẹni tó bá fẹ́ pa á kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa sanwó ọsibítù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́, ejò náà fúnra rẹ̀ wọ́ lọ gbọọrọ. Kò lọ́ sọ́tùn-ún, kò lọ́ sósì, àfi bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á. Bàbá ní òkété tó ń jẹ kòkó wa ló bá wá, pé ibi tí eku bá pọ̀ sí kí n máa fojú sílẹ̀.

Mo délé, mo kà nípa rẹ̀. *Bitis gabonica* ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Eyín oró rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò sí ejò mìíràn láyé tí eyín rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 5 sórí ìka mi, mo sì gbé rúlà náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tún ní tó bá ti bu ẹran ṣán, kì í sábà jù ú sílẹ̀, á dì í mú títí tí yóò fi kú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ọlọ́run ló yọ yín. Èmi ò rí ọká lójú rí, iṣẹ́ ọwọ́ ejò ni mo máa ń rí. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù. Oǹdó ni, lóru. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé bàbá kan dé, ó tẹ ejò mọ́lẹ̀ nídìí ọ̀pẹ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ejò bù ú ṣán, aago mẹ́wàá ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Níbo ni wọ́n wà láti ìgbà yẹn? Ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ó ti sín gbẹ́rẹ́ yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, wọ́n sì fi túúbù kẹ̀kẹ́ di orúnkún rẹ̀ pinpin. Ẹsẹ̀ náà ti wú, awọ ara ń dán, ojú gbẹ́rẹ́ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò dá.

A fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́, a gbé e kalẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí ara rẹ̀ dá, ó yẹ kó ti dì nígbà yẹn. A dojú ìgò dé, ó ṣàn wẹ́ẹ́ bíi sóbò. Oró ti ba ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì mọ́ ni wọ́n wá fi abẹ gé! Túúbù yẹn ńkọ́? Ó ká oró mọ́ ojú kan, ẹran ibẹ̀ ti ń kú. Ẹ má dì í, ẹ má gé e, ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ sì máa gbé e bọ̀.

Ìgò antivenom, oògùn tó ń pa oró ejò, méjì ló wà nínú fìríìjì wa. Àbúrò rẹ̀ sáré lọ sí Àkúrẹ́ lóru lọ wá sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní EchiTAb-Plus, Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é, láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí wọ́n ti fún ní oró ejò Nàìjíríà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe jìnnà tó kí ó tó padà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ejò bíbuni ṣán mọ́ àwọn àrùn tí wọ́n pa tì. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ti mọ̀ tipẹ́.

Bàbá náà yè. Ìka ẹsẹ̀ méjì ló bá a lọ.

Ọmọ Ọdẹ Ilé-Olújì

Tiwa ní ẹ̀rín nínú, ó sì ní ẹkún. Bàbá mi pa ọká kan, wọ́n gé orí rẹ̀ jù sẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n la ikùn rẹ̀, ọmọ ló kún ibẹ̀. Ọmọ o, kì í ṣe ẹyin! Ọká kì í yé ẹyin sílẹ̀, ó ń bímọ ni, ọmọ tuntun náà sì ti ní oró. A ka mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìyá àgbà ní ìkòkò òun kọ́ ni wọ́n máa fi sè é.

Ibi tí a ti ń jiyàn lórí ìkòkò ni ajá wa ti lọ gbóòórùn orí yẹn. Orí tí kò ní ara mọ́ ló bù ú nímú. Ilẹ̀ ò ṣú kí ajá tó kú. Bí ẹ bá pa á, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn dáadáa, kẹ́ ẹ fi igi ti orí náà sínú ihò náà.

Ará Àkókó

Ṣé kì í ṣe paramọ́lẹ̀ lẹ ń pè ní ọká báyìí?

Ọmọ Olóko Kòkó

Rárá o. Ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn pápá, àmì ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bíi lẹ́tà V tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Inú igbó àti abẹ́ kòkó ni ọká ń gbé, ara tirẹ̀ dà bí ẹní aláràbarà. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mo ti ka tiyín sétígbọ̀ọ́ bàbá mi. Wọn ò fèsì. Lánàá ni wọ́n gbé rénbúùtù kan dé láti ọjà, nọ́ńbà 46. Nọ́ńbà 43 ni ẹsẹ̀ mi. Mo ti ki àkísà sí i níwájú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ.