Èsì: Orúkọ wo ló bá «consent judgment» mu? Èmi fara mọ́ «ìdájọ́ àjọgbà»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè.

Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní consent judgment, ìyẹn àdéhùn tí àwọn tó ń ṣẹjọ́ jọ ṣe, tí adájọ́ sì sọ di ìdájọ́: ìdájọ́ ìlàjà, ìdájọ́ ìfọwọ́sí àti ìdájọ́ àjọgbà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ tọkọtaya tó ti bímọ dán wọn wò.

Ìlàjà dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà kan n'Ìbàdàn pé kóòtù ti la ọmọ rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ níjà, ọjọ́ tí ìyàwó máa padà sílé ọkọ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti túká! Ibi tí ọmọ yóò máa gbé, owó tí wọn yóò máa san lórí rẹ̀ àti ìgbà tí òbí kejì yóò máa rí i ni wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ní ti ìfọwọ́sí, ìdájọ́ wo ni adájọ́ kì í fọwọ́ sí? Àjọgbà ló sọ ọ́ gan-an: ohun tí àwọn méjèèjì jọ gbà ni.

Bó ṣe ń lọ ní ilé ẹjọ́ gíga nìyí. Tọkọtaya àti agbẹjọ́rò wọn á jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà, nígbà mìíràn níwájú alárinà, bíi ti Multi-Door Courthouse, ibi tí wọ́n ti ń fi ìlàjà yanjú ẹjọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2002. Wọ́n á kọ àdéhùn, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á sì fà á lé akọ̀wé kóòtù lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, adájọ́ á bi wọ́n bóyá àwọn ló buwọ́ lù ú, bóyá ó yé wọn. Ìgbà tó bá kéde pé òun sọ ọ́ di ìdájọ́ ló tó ní agbára. Kó tó dìgbà yẹn, bí ẹnì kan bá yẹ àdéhùn, èkejì kò lè tìtorí rẹ̀ rán bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: «ìwé àdéhùn» kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, «ìdájọ́ àjọgbà» lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnì kan fẹ́ fi «àṣekágbá» kún un, torí abala 241 ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 kò jẹ́ kí ẹni tó ti gbà bẹ́ẹ̀ gba kòtẹ́milọ́rùn lọ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù. Ọ̀rọ̀ ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kò buwọ́ lu nǹkan kan. Fún ìgbéyàwó rẹ́jísírì, abala 71 òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó (Matrimonial Causes Act) ti 1970 fi ire ọmọ ṣáájú. Adájọ́ lè kọ àdéhùn tó máa pa ọmọ lára, ó sì lè yí àṣẹ padà lọ́jọ́ iwájú. Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ lè kàn jọ gbà kí ìgbéyàwó fi tú; adájọ́ gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ó wá ku custody, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ sọ́dọ̀ kí a sì máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó dábàá «ìhámọ́», ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ jalè ni? «Ìgbàtọ́» náà kò bá a mu, òbí kì í gba ọmọ ara rẹ̀ tọ́. «Ìkáwọ́» ni tèmi. Fún access, ìyẹn ẹ̀tọ́ òbí kejì láti máa rí ọmọ, «ìbẹ̀wò» ti há jù, torí ọmọ lè lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. «Àyè rírí ọmọ» sàn jù. Ẹ gbọ́ ọ nínú gbólóhùn:

«Ọmọ yóò wà ní ìkáwọ́ ìyá rẹ̀. Bàbá yóò mú un ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, yóò sì dá a padà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Yóò máa san ₦60,000 sínú àkáǹtì ìyá, ó pẹ́ tán ọjọ́ karùn-ún oṣù. Owó ilé ìwé lọ́tọ̀.»

Bí wọ́n bá kọ «nígbà tó bá rọrùn» tàbí «owó tó bójú mu» sí i, ìjà mìíràn ni wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn. Kí wọ́n má gbàgbé ẹni tí ìwé ìrìnnà ọmọ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

«Ìkáwọ́ àpapọ̀» fún joint custody kò tíì dá mi lójú, torí ọmọ lè máa gbé lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa pinnu ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ta ló ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ?